Iṣẹ́ Ti Dé, Ìwé Kò Tíì Dé: Gbígba Iṣẹ́ ní Kánádà Nígbà Tí Àṣẹ Ìgbé Títí Ṣì Wà Lọ́nà

Kánádà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé tàbí tó kọ́ṣẹ́ mọ́ṣẹ́ sábà máa ń fojú sí nígbà tí wọ́n bá ń gbèrò àtijápa, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbà lọ síbẹ̀ ni ti àṣẹ ìgbé títí, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní PR. Àṣẹ yìí ni ìjọba Kánádà fi ń gba àjèjì láyè láti máa gbé ní orílẹ̀-èdè náà, láti máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá wù ú, kí ó sì máa fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ onílùú. Àṣẹ náà kì í jáde lóòjọ́, nítorí náà ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí iṣẹ́ dé kí ìwé tó dé, tí agbanisíṣẹ́ á máa béèrè ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yóò wọlé, tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì mọ ọjọ́ tí ó lè fà lé e lọ́wọ́. Orí yìí ṣàlàyé bí ẹni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣètò àkókò rẹ̀ kí ìkánjú má baà ba ìwé jẹ́, kí ìbẹ̀rù má sì jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìlànà kan ṣoṣo ni gbogbo àlàyé náà rọ̀ mọ́: ìwé ni kí ó máa ṣáájú, kí ìlérí àti ìgbésẹ̀ òṣìṣẹ́ máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Bí ìwé náà ṣe ń rìn

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015 ni Kánádà dá ètò Express Entry sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ìmọ̀ àti ìrírí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IRCC ni ó sì ń bójú tó o. Olùbéèrè á kọ́kọ́ kọ àlàyé nípa ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá fi ọjọ́ orí, ẹ̀kọ́, ìmọ̀ èdè àti ìrírí iṣẹ́ rẹ̀ ṣírò máàkì fún un nínú 1,200. Àwọn tí máàkì wọn bá ga tó ni ìjọba ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí, ẹni tí ìwé ìpè bá sì tẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 60 péré láti fi kó gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni IRCC ń lépa láti fi ṣiṣẹ́ lórí ìwé náà, ṣùgbọ́n kò ṣe ìlérí oṣù mẹ́fà yìí fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìwé 80 nínú 100 ni àjọ náà fẹ́ máa parí láàárín àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ń wádìí ibi tí olùbéèrè ti ṣiṣẹ́ tàbí bí ìwé ẹ̀rí kan kò bá pé.

Méjì nínú àwọn ìwé ẹ̀rí náà ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ àkókò. Èkínní ni ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, tí ó ń fi hàn bóyá ẹnì kan ní àkọsílẹ̀ ọ̀ràn tàbí kò ní. A máa ń gbà á láti gbogbo orílẹ̀-èdè tí olùbéèrè ti gbé fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àtẹ̀léra láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá lẹ́yìn tí ó ti pé ọmọ ọdún 18. Ìdí nìyí tí orúkọ Alagbon ní Ìkòyí, ní Èkó, fi di ohun tí àwọn tó ń múra ìrìn àjò mọ̀ bí ẹni mọ owó, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí ọlọ́pàá tó fún wọn ní ìwé. Èkejì ni àyẹ̀wò ìlera, tí dókítà tí IRCC fọwọ́ sí máa ń ṣe. Láti ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Express Entry gbọ́dọ̀ ti ṣe àyẹ̀wò yìí kí ó tó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oṣù 12 ni èsì rẹ̀ sì máa ń lò.

Nígbà tí ìjọba bá fọwọ́ sí ìbéèrè ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, wọ́n á ní kí ó fi páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n á lẹ físà mọ́ ọn nínú, wọ́n á sì fún un ní ìwé ìfìdímúlẹ̀, ìyẹn ìwé tí yóò fi han òṣìṣẹ́ ẹnubodè ní pápákọ̀ òfurufú Kánádà kí ó tó di olùgbé títí. Ọjọ́ kan wà lára ìwé ìfìdímúlẹ̀ yìí tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó kọjá kí ó tó wọ Kánádà, ọjọ́ náà sì sábà máa ń bá ọjọ́ tí àyẹ̀wò ìlera tàbí páásípọ́ọ̀tù yóò kú mu. Wọn kì í sún un síwájú. Láti ọjọ́ tí dókítà ti fọwọ́ sí àyẹ̀wò ni àkókò ìwọ̀lú ti ń sún mọ́ òpin, yálà olùbéèrè rántí tàbí kò rántí.

Ohun tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni lẹ́tà tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ pé òun fẹ́ gba ènìyàn sí ipò kan, pẹ̀lú iye owó oṣù àti ọjọ́ ìwọṣẹ́. Lẹ́tà yìí nìkan kò fún àjèjì ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ Kánádà, nítorí pé ìjọba nìkan ló ní agbára láti fúnni ní ẹ̀tọ́ yẹn. Nígbà kan rí, lẹ́tà tó bá bófin mu máa ń fi máàkì 50 tàbí 200 kún ti olùbéèrè nínú Express Entry, ṣùgbọ́n ìjọba fagi lé àfikún náà ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2025 nítorí àwọn oníjìbìtì tí wọ́n ń ta lẹ́tà iṣẹ́ fún àwọn tó ń wá ọ̀nà àtilọ. Ẹni tí ó bá ṣì ń rò pé bí òun bá tètè gba iṣẹ́, máàkì òun yóò ga sí i, ń fi òfin àná ṣètò ìrìn àjò ọ̀la.

Àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn máa ń fẹ́ kí òṣìṣẹ́ dé kí PR tó jáde, wọ́n á sì gba ọ̀nà ìwé àṣẹ iṣẹ́, èyí tó jẹ́ àṣẹ onígbà díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní LMIA, tí ìjọba fi ń wò ó bóyá gbígba àjèjì kò ní pa àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní Kánádà lára. Òfin Kánádà gbà kí ènìyàn béèrè àṣẹ onígbà díẹ̀ nígbà tí ìbéèrè PR rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kìkì pé kí ó fi dá òṣìṣẹ́ ìjọba lójú pé òun yóò kúrò nígbà tí àsìkò bá pé bí PR kò bá jáde. Owó LMIA jẹ́ 1,000 dọ́là Kánádà lórí ipò kọ̀ọ̀kan, agbanisíṣẹ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ san án láti inú àpò ara rẹ̀, òfin kò gbà á láyè láti gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ọmọ Nàìjíríà wá san owó kí òun lè bá a gba LMIA tàbí lẹ́tà iṣẹ́ ń pè é sínú ohun tó lòdì sófin, ó sì yẹ kí ènìyàn yẹra fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Bí a ṣe ń ṣírò ọjọ́ ìwọṣẹ́

Ìṣirò ni ó ń fi ọkàn balẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ó yẹ kí á ṣe é lójú ìwé. Bí akáwùńtáǹtì kan ní Ìbàdàn bá ṣe àyẹ̀wò ìlera ní oṣù kìn-ín-ní, tí ó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejì, tí ilé iṣẹ́ kan ní Calgary sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i ní oṣù karùn-ún pé kí ó wọlé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, kò sí bí ọjọ́ náà ṣe lè ṣeé ṣe, nítorí pé bí ohun gbogbo bá tilẹ̀ lọ bí IRCC ṣe ń lépa rẹ̀, oṣù kẹjọ ni oṣù mẹ́fà yóò pé. Páásípọ́ọ̀tù yóò wá lọ, yóò bọ̀, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bá ní kí ó fi oṣù kan sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ṣáájú kí ó tó lọ, oṣù kẹwàá ti dé nìyẹn, yóò sì tún nílò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti wọ bàálù, láti wá ibùgbé, àti láti gba nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní SIN, èyí tí ènìyàn nílò láti ṣiṣẹ́ ní Kánádà. Oṣù kọkànlá ni ọjọ́ ìwọṣẹ́ tó mọ́gbọ́n dání. Ní òdìkejì, àyẹ̀wò ìlera rẹ̀ yóò kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ sún ìrìn àjò rẹ̀ kọjá ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ìwọṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èsì tó yẹ kí akáwùńtáǹtì yìí kọ yóò dúpẹ́, yóò gba iṣẹ́ náà, yóò sì so ọjọ́ mọ́ ìwé: “Inú mi dùn láti gba ipò yìí. Ìbéèrè mi fún àṣẹ ìgbé títí wà níwájú ìjọba láti oṣù kejì. Mo lè wọlé sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn tí físà bá ti wọ inú páásípọ́ọ̀tù mi, n ó sì máa fi ibi tí ọ̀rọ̀ dé tó yín létí lóṣooṣù.” Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi ohunkóhun pamọ́, agbanisíṣẹ́ á sì lè fi í ṣètò iṣẹ́ tirẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá ṣeé fi kọ̀ǹpútà ṣe, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹnu kò pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn, nítorí pé iṣẹ́ tí ènìyàn bá jókòó sí Nàìjíríà ṣe kò nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ ti Kánádà. Ṣùgbọ́n yóò ní láti ro ọ̀rọ̀ owó orí rẹ̀ ní Nàìjíríà, yóò sì fi ìyípadà iṣẹ́ náà tó IRCC létí.

Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò nílò ju kí ìbéèrè ti wà nílẹ̀. Àdéhùn tó so ọjọ́ ìwọṣẹ́ mọ́ ìwé ni kí ènìyàn bu ọwọ́ lù nígbà tí ó bá ń retí. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, títa ọkọ̀ àti kíkó ilé sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí físà bá ti wà nínú páásípọ́ọ̀tù, tí ẹni tó ni ín sì ti yẹ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìkẹyìn wò lára rẹ̀. Owó tí olùbéèrè fi hàn pé òun yóò fi gbọ́ bùkátà lẹ́yìn tó bá dé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ títí físà yóò fi jáde, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ fi san owó ilé tàbí ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ṣáájú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá

Ó lè jẹ́ Dubai tàbí Lọ́ńdọ̀nù ni iṣẹ́ ti dé bá ẹni tó ń retí PR ti Kánádà. Òfin kò ní kí ó má lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi àdírẹ́sì tuntun àti iṣẹ́ tuntun tó IRCC létí, bí ó bá sì pé oṣù mẹ́fà níbẹ̀, wọ́n lè béèrè ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó lè fa ìwé sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ó bá ti di olùgbé títí, ó gbọ́dọ̀ gbé Kánádà fún ọjọ́ 730, ó kéré tán, láàárín ọdún márùn-ún kọ̀ọ̀kan, kí àṣẹ náà má baà bọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àdéhùn iṣẹ́ ní Dubai ní òpin tí a mọ̀, nítorí pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́

Ìgbéyàwó, ìbímọ àti ìyípadà iṣẹ́ jẹ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ mọ̀ kí olùbéèrè tó wọ Kánádà. Ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tí kò sọ nípa rẹ̀ kí ó tó wọlé lè di ẹni tí kò ní lè fà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lábẹ́ ètò ìdílé mọ́, ẹni tí wọ́n bá sì rí i pé ó purọ́ lè di ẹni tí wọn kò ní gbà wọlé fún ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà, olùkọ́ àti ẹnjiníà tún gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì iṣẹ́ wọn láti ọ̀dọ̀ àjọ tó wà ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń lọ. PR kò rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tí ìwé yìí yóò jáde gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò ọjọ́ ìwọṣẹ́.

Agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ òṣìṣẹ́ lóòótọ́ máa ń lè dúró bí wọ́n bá sọ òtítọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí irọ́ tàbí ìkánjú bá ti bàjẹ́ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kí ó kọ́kọ́ gbé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ síwájú ara rẹ̀, bí kò bá sì rí físà níbẹ̀, kí ó fi kálámù sílẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́ àti àṣẹ ìgbé títí?
2. Báwo ni ọjọ́ tí ènìyàn ṣe àyẹ̀wò ìlera ṣe kan ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ wọ Kánádà?
3. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin, tí ó sì gbọ́dọ̀ fi oṣù mẹ́ta sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó lọ, oṣù wo ni ó yẹ kí ó sọ fún agbanisíṣẹ́ ní Kánádà pé òun lè wọlé?
4. Ta ni òfin sọ pé kí ó san owó LMIA?