Kí A Tó Kọjá Ẹnubodè: Ìpalẹ̀mọ́ fún Ìrìn-àjò sí Àjàṣẹ́



Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ìrìn-àjò. Ọlọ́hun Ọba pa á láṣẹ nínú Àlùkùránì pé kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á sì wòye. Ṣùgbọ́n ìrìn tí a kò múra fún, wàhálà ní í dá sílẹ̀. Ó ṣojú wa. Àwa méje la gbéra láti Ìbàdàn lọ wo Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Márùn-ún péré ló dé ibẹ̀.

Arákùnrin wa kan ló rò pé ẹ̀yìnkùlé ni Àjàṣẹ́, kò gba yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹnubodè ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Àwọn kan nínú wa ní kí á wá nǹkan fún wọn lábẹ́lẹ̀. Àmírì wa ní rìbá nìyẹn, haraamu ni. Àwọn mìíràn ní kí á fi í sílẹ̀ kó máa dá padà. Ìyẹn náà, Àmírì kọ̀. Ó ní kí ẹnì kan bá a padà sílé. Owó ọkọ̀ ẹni méjì ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò ni kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yìí, nítorí ìgbà náà ni káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọdún 2016 ni òfin àgbáyé ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti lo 90 ọjọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n kí pásípọ́ọ̀tù yín má ṣe tíì kú, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i ní ìhà méjèèjì. Ẹ tún bi àwọn tó ń ná ọ̀nà náà bóyá ó ṣí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó tún Sẹ̀mẹ̀ ṣí.

Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé bí ẹni mẹ́ta bá ń rìnrìn-àjò, kí wọ́n fi ọ̀kan ṣe Àmírì. Ilé ni kí ẹ ti yàn án, kì í ṣe inú ọkọ̀. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún. Kí ẹni méjì tọ́jú owó àjọ, kí ọ̀kan máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó gùn ún.

Ẹ̀yin arábìnrin, ohùn àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí kí obìnrin rìnrìn-àjò láìsí mahram. Ẹ tètè bi Lèmọ́mù yín, kí ẹ sì gba àṣẹ òbí. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó bá wa lọ bá ọkọ rẹ̀ wá, èkejì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Ní ti ìrun, Àìlà, Àlàsárì àti Ìṣáì di rakah méjì méjì fún onírìn-àjò. Àsùbá àti Màgárìbá kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kírun lẹ́yìn Lèmọ́mù onílé, mẹ́rin tó bá kí ni kí ẹ bá a kí.

Ibi tí ojú ti tì wá jù ni iwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá àtijọ́ Àjàṣẹ́. Ọ̀kan nínú wa kígbe pé, "Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sọ di mọ́ṣáláṣí ni?" Ó rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀! Bàbá kan tó jókòó lábẹ́ ibòji dáhùn pé, "Ọmọ mi, àwọn baba wa ló kọ́ ọ." Òótọ́ ni. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil dé wà nínú wọn tó jẹ́ Mùsùlùmí. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìde ní Bahia ní oṣù kìíní ọdún 1835, wọ́n lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n mọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n fi kọ́ ilé Ọlọ́hun yìí láàárín ọdún 1912 sí 1935. Àgùdà náà ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ká ní a ti kàwé nípa rẹ̀ ni, ìbéèrè gidi la ò bá bi bàbá náà. Ẹ̀bẹ̀ la fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, inshaa Allah, a ó pín iṣẹ́ ìwé kíkà fún olúkúlùkù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Arákùnrin wa ti gba káàdì tirẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó mú pásípọ́ọ̀tù àti káàdì wá sí ìpàdé, kí Àmírì fi ojú ara rẹ̀ rí i.