Bí A Ṣe Ń Gún Eku Inú Láàbù Ní Abẹ́rẹ́

Ìbéèrè: Ibo lára eku ni abẹ́rẹ́ ń wọ̀, tí kò fi ní ṣe eku tàbí ẹni tó ń gún un léṣe?

Ìdáhùn: Inú ikùn ni ó sábà máa ń wọ̀. Ní Fásitì Ahmadu Bello ní Zaria, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹranko máa ń gba fi kòkòrò Trypanosoma brucei, tí eṣinṣin tsetse ń kó ran màlúù, sára eku funfun.

Ìdìmú ló le jù. Awọ ẹ̀yìn ọrùn eku kékeré ni a ń dì mú, kí ó má baà yíjú bunijẹ, ṣùgbọ́n a kì í fún un lọ́rùn. A ó dorí rẹ̀ kodò díẹ̀ kí ìfun lè sún síwájú, a ó sì gún ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Kí oògùn tó wọlé, a ó fa síríǹjì sẹ́yìn díẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ìfun bá yọ, a ó dà á nù, a ó sì mú abẹ́rẹ́ tuntun. Eku oní gíráàmù 25 kò gbọdọ̀ gbà ju 0.5 ml lọ. Abẹ́rẹ́ kan, eku kan. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ti kú máa ń ya awọ, ó sì ń dun ẹranko gidigidi.

A kì í dé abẹ́rẹ́ padà lẹ́yìn lílò, torí ibẹ̀ ló ti ń gún ọwọ́ ènìyàn. Inú àpótí líle ni a ń jù ú sí lójú ẹsẹ̀. Kòkòrò ti màlúù kì í sábà ran ènìyàn, àmọ́ ọmọ ìyá rẹ̀, Trypanosoma brucei gambiense, ń fa àìsàn oorun fún ènìyàn. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún yóò fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, yóò sì sọ fún ọ̀gá láàbù lọ́jọ́ náà gan-an.