Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Kí Òtútù Tó Kan Àdúgbò

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe yìí wà lẹ́nu gbogbo wa, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ la sábà máa ń mú lò. A máa ń fi í rọ ara wa pé ká tètè gbọ́, ká tètè múra. Ìbéèrè tí a kì í bi ara wa ni pé bí arọ bá gbọ́ tán, tó sì gbọ́n, ta ni yóò gbé e? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúkú lè gbé e. Bó bá máa yè é, á jẹ́ pé ó ti bá ẹnì kan sọ ọ́ kí ogun tó dé, tí ẹni náà sì ti dá a lóhùn pé, "Bó bá di ọjọ́ náà, èmi ni n ó wá gbé ọ." Ìkìlọ̀ ló jí arọ lójú oorun, àdéhùn ló gbé e kúrò lójú ogun.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn yìí ni mo fẹ́ bá àwa Yorùbá tó ń gbé ní Houston àti agbègbè rẹ̀ sọ kí ìgbà òtútù míì tó wọlé. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ra ilé sí Katy, Richmond, Cypress, Pearland àti Missouri City, ní àwọn àdúgbò tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ onílé, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní HOA. À ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. A sì ń rántí pé ẹgbẹ́ wà nígbà tí wọ́n bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé koríko iwájú ilé wa ti ga jù. Ṣùgbọ́n ta la bá ṣe àdéhùn nínú àdúgbò wa pé yóò gbé wa, tàbí pé a ó gbé e?

Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù kejì ọdún 2021. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń kígbe pé òtútù ńlá ń bọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15, iná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri Texas. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4 ló bọ́ sínú òkùnkùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, ìwọ̀n ìgbóná ojú ọjọ́ ní Houston ti já wá sí 13 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, bẹ́ẹ̀ 32 ni omi ti ń di yìnyín. ERCOT, àjọ tó ń darí iná mànàmáná ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀ náà, sọ lẹ́yìn náà pé ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 péré ló kù kí gbogbo ètò iná náà wó pátápátá.

Òjijì kọ́ ni ogun yẹn fi wọlé. Ní oṣù kejì ọdún 2011, òtútù ti mú iná lọ ní Texas bẹ́ẹ̀ náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ sì gba àwọn ilé iṣẹ́ iná àti ti gáàsì nímọ̀ràn pé kí wọ́n dáàbò bo ohun èlò wọn kúrò lọ́wọ́ òtútù. Kò sí òfin tó kàn án nípá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ni kò ṣe é. Ó di oṣù kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí òkú ti sùn, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó fi òfin mú un. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà ka òkú 246. Òtútù fúnra rẹ̀ ló pa 161 nínú wọn. Àwọn 25 kú nítorí pé àìsàn tó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀ burú sí i. Èéfín olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide pa 19. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú ló ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló gbọ́ ìkìlọ̀ ojú ọjọ́, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wà lórí fóònù. Ohun tó sọnù fún ọ̀pọ̀ ẹni tó kú ni ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ilé ara wa ṣe. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá máa ń rò pé àìsí iná kò lè fi ojú wa rí nǹkan, a ti bá NEPA gbé tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní Ìbàdàn, a lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba atẹ́gùn. Bó bá lọ níbí nínú òtútù, ilé á máa tutù ní wákàtí dé wákàtí, omi á sì dì sínú páìpù. Omi tó bá di yìnyín máa ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, páìpù kò sì lè gbà á, á là. Nígbà tí oòrùn bá yọ tí yìnyín yọ́ ni omi á tó tú jáde. Ọ̀pọ̀ páìpù ilé wa níbí ló sì gba inú àjà kọjá, ìdí nìyẹn tí àjà fi ń já lulẹ̀ sórí àga àti bẹ́ẹ̀dì.

Nítorí náà, ẹ jáde síta lónìí, kí ẹ wá ibi tí ẹ ti lè ti omi ilé yín pa. Ó sábà máa ń wà lára ògiri ìta nítòsí ẹ̀rọ omi tí ẹ fi ń bomi rin koríko, tàbí nínú gáréèjì. Ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ yí i wò. Ó lè ti dípẹtà débi pé kò yí mọ́, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán tí plọ́ńbà ṣì ń gbé fóònù ju òru tí omi ń dà sílẹ̀ nínú pálọ̀ lọ. Ẹ fi í han ọmọ yín tó ti bàlágà, ẹ fi í han màmá tó ń bá yín gbélé. Bí òtútù bá ń bọ̀, ẹ wé ẹ̀rọ omi ìta, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì kí ooru ilé lè dé ibi páìpù, ẹ sì jẹ́ kí omi máa kán tó-tó-tó. Bí iná bá lọ tí kò tètè dé, ẹ ti omi pa, kí ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi kí èyí tó kù nínú páìpù lè ṣàn dànù.

Kí ẹ tó ti omi pa, ẹ ti pọn ún sílẹ̀. Gálọ́ọ̀nù kan lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ti mímu àti ti sísè, ẹ wá pọn omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ fún ilé ìyàgbẹ́. Ní ọdún 2021, láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 21 oṣù kejì, ìlú Houston ní kí gbogbo ènìyàn máa se omi ẹ̀rọ kí wọ́n tó mu ún. Ẹ ní oògùn tó tó ọ̀sẹ̀ kan nílé, ẹ gba iná sí fóònù, ẹ má ṣe jẹ́ kí epo ọkọ̀ yín wálẹ̀ ju ìdajì lọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ti èéfín, nítorí àṣà kan wà tí a gbé ti ilé wá. A ti mọ́ra kí jẹnẹrétọ̀ máa hó lẹ́yìn fèrèsé. Carbon monoxide kì í rùn, ojú kì í rí i, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun ní Nàìjíríà, ó ti pa ènìyàn ní Houston náà. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé ní ogún ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbogbo. Ẹ má ṣe tan án nínú gáréèjì, bí ẹ tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ẹ má ṣe dáná èédú nínú ilé, ẹ má ṣe tan sítóòfù gáàsì láti fi yáná, ẹ má sì ṣe jókòó sínú ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì. Ẹ ra ẹ̀rọ ìkìlọ̀ carbon monoxide tó ń lo bátìrì. Bí orí bá ń fọ́ ará ilé, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ kó gbogbo wọn jáde síta, kí ẹ pe 911.

Bí ilé tiwa bá gún tán, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní ilé alásomọ́ra, páìpù tó là lọ́dọ̀ aládùúgbò tó rìnrìn àjò, ọ̀dọ̀ wa ni omi rẹ̀ ń ṣàn sí. Èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò míì náà lè gba fèrèsé wa wọlé.

Ta ni arọ àdúgbò wa? Òun ni bàbá tó ń fi ẹ̀rọ mí, tí ẹ̀rọ náà kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Òun ni ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ ọwọ́. Òun sì ni màmá wa tó ti Abẹ́òkúta wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́mọ. Ọmọ màmá jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ìjì tàbí òtútù ńlá bá ń bọ̀, àwọn ilé ìwòsàn Houston máa ń yan òṣìṣẹ́ tí yóò sùn síbẹ̀ títí ewu yóò fi kọjá. Ó kù màmá nìkan pẹ̀lú ọmọ-ọmọ nínú ilé tó tutù, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ti omi pa, kò mọ orúkọ ẹnì kankan ní títì náà. Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ ìwòsàn ṣe rí láàárín wa mọ̀ pé irú màmá bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "A ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, a ní ìjọ, a ní mọ́sálásí, wọn yóò dé." Ìfẹ́ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ wà ní Southwest Houston, ẹ̀yin wà ní Katy, afárá tó wà láàárín yín sì ti di yìnyín. Ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà yín ní òru yẹn ni ará Mẹ́síkò tó wà lápá ọ̀tún, tàbí ará Vietnam tó wà ní ọ̀ọ́kán. Àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Kí ló dé tí a ó fi dúró de òjò kí a tó mọ ara wa?

Àwọn baba wa kò dá oko ńlá ro. Àáró wà fún ẹgbẹ́ tó ń ti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, ọ̀wẹ̀ wà fún ẹni tí iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún wọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn ló mọ ọjọ́ tirẹ̀. Irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó létò bẹ́ẹ̀ ni kí a gbé lọ síwájú HOA. Bí wọ́n bá pe ìpàdé ní oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá, ẹ lọ, kí ẹ sì béèrè ohun pàtó.

Èkíní, kí títì kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, àti igbákejì tí yóò dípò rẹ̀ bí kò bá sí nílé. Kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá fi sílẹ̀ fún "gbogbo wa" kì í ní ẹni tí yóò ṣe é. Èkejì, kí ẹni náà ní ìwé tó ní nọ́ńbà fóònù àwọn tó bá gbà láti fi tiwọn sílẹ̀, àti ohun tí wọ́n nílò, kó má sì fi í han ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta, kí a mọ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ní irinṣẹ́, ẹni tó ní ọkọ̀ gíga. Ẹ̀kẹrin, kí gbọ̀ngàn àdúgbò, níbi tó bá wà, jẹ́ ibi ìyáná bí iná bá lọ. Jim McIngvale, oníṣòwò àga tí gbogbo Houston ń pè ní Mattress Mack, ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2021 kí àwọn ènìyàn lè wá sùn síbẹ̀. Ẹnì kan kò lè ṣe é fún gbogbo ìlú. Ẹ̀karùn-ún, kí a ran àwọn aláìlera lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ nínú ìwé STEAR ti ìpínlẹ̀ Texas nípa pípe 211. Ọ̀fẹ́ ni, a sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́dọọdún.

Bó bá di ọjọ́ òtútù, kí olùyọ̀ǹda kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, kó tún kàn án ní ìrọ̀lẹ́. Kó má ṣe béèrè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" kó sì máa lọ. Àgbàlagbà á ní àlàáfíà ni, kó má baà dá ẹnikẹ́ni láàmú. Kó wọlé, kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kó fetí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá tutù nini, tí ahọ́n ń lọ́, tí àgbà náà ń sọ ohun tí kò bára mu, òtútù ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn, bí kò tilẹ̀ gbọ̀n mọ́. Kó pe 911, kó sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ wé e.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru kò lè kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó lè kọ́ títì rẹ̀ ní àmì àrùn òtútù ní ọ̀sán Sátidé kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè wé ẹ̀rọ omi fún ilé mẹ́wàá láàárín wákàtí díẹ̀. Màmá tí kì í jáde lè jókòó ti fóònù, kó máa pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn méjì, ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì. Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ gba nọ́ńbà wọn, ẹ sọ fún wọn ẹni tó wà nínú ilé yín tí kò lè dá ara rẹ̀ gbé, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè tiwọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wí fún HOA pé ẹ̀yin ni kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún títì yín.