Ìkìlọ̀ Lórí Ìwé Oògùn àti Ẹ̀rọ Tó Jẹ́ Èdè Potogí

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan láti tú ohun tí wọ́n fi èdè Potogí kọ sára oògùn tàbí ẹ̀rọ. Ọjà Brazil, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Potogí, kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ojú ọ̀nà Badagry bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ti Brazil wá. Lónìí, ẹni tó ti òkè òkun dé á mú oògùn bọ̀ nínú báàgì, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ á sì gúnlẹ̀ sí ọjà Alaba pẹ̀lú ìwé tí ẹni tó ń tà á kò lè kà.

Nọ́ńbà ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń wá ìtumọ̀ nọ́ńbà. Ibi tí àwa ń fi póíǹtì sí, kọ́mà ni àwọn tó ń sọ Potogí ń fi síbẹ̀. 2,5 ml lára ìgò oògùn ọmọdé kò ju mílílítà méjì àti ààbọ̀ lọ, ìyẹn ìdajì ṣíbí kékeré. Ẹni tó bá kà á sí 25 ti fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ sì ni 1.500 tiwọn kì í ṣe ọ̀kan àti ààbọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni.

Ọ̀rọ̀ tó jọ Gẹ̀ẹ́sì náà ń tanni jẹ. Ní Portugal, ẹni tí wọ́n bá pè ní constipado, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é, kì í ṣe pé kò rí ìgbẹ́ yà. Ti ara oògùn kòkòrò tilẹ̀ burú jù: intoxicação ni kí májèlé wọ ara ènìyàn, kì í ṣe ọtí ló ń pa á. Ibi tí ẹ bá ti rí i, ìkìlọ̀ pé kí wọ́n tètè gbé ènìyàn lọ sílé ìwòsàn ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná, tensão ni agbára iná tí ẹ̀rọ ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Brazil ń lo 127 V, àwọn mìíràn 220 V. Ẹ̀rọ 127 V tí ẹ bá kì bọ iná wa tààrà yóò jó.

NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, kò fọwọ́ sí i kí wọ́n máa ta oògùn tí kò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lára ní Nàìjíríà. Ẹ má rà á. Èyí tí ẹbí bá mú bọ̀, ẹ gbé òun àti páálí rẹ̀ lọ bá apòògùn, kó fi orúkọ èròjà inú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó tó dá yín lóhùn, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o.