Bí A Ti Í Wádìí Ọ̀rọ̀ Odò Lẹ́nu Àwọn Tí Ń Lò Ó

Bí a bá fẹ́ sé odò, àwọn wo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè? Ẹ jẹ́ kí a wo odò Hadejia ní ìhà Àríwá Nàìjíríà.

Odò Kano àti odò Challawa ni ó pàdé tí ó di odò Hadejia. Ní 1974 ni a parí ògiri Tiga tí a fi sé odò Kano. Ní 1992 ni a parí ti Challawa Gorge. Àwọn àgbẹ̀ ìtòsí Tiga rí omi bu rin oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èrè ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ odò, láàárín Hadejia àti Nguru, àkúnya ọdọọdún ni ó ń sọ àkùrọ̀ jí. Bí omi bá fà, àgbẹ̀ a gbin ẹ̀wà sórí ilẹ̀ tútù, apẹja a pẹja nínú adágún, Fúlàní a kó màlúù wá jẹko. Ìsédò dín àkúnya yìí kù. Omi díẹ̀díẹ̀ tí ó wá ń ṣàn jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sì mú kí koríko Typha hù, ó ga ju ènìyàn lọ, ó dí ojú odò, àwọn ẹyẹ ajẹkà sì fi ṣe ilé. Ẹni tí ó bá ti lé ẹyẹ lóko ìrẹsì rí mọ ohun tí à ń wí.

Nítorí náà, bí a bá yàn yín láti wádìí, ẹ má ṣe fi ìpàdé ọjọ́ kan ní ààfin tẹ́ra yín lọ́rùn. Darandaran tí ń lo odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè má sí nítòsí nígbà òjò. Ẹ padà lọ nígbà tí ó bá dé. Àwọn obìnrin kì í sábà sọ̀rọ̀ láwùjọ àwọn àgbà. Ẹ bá wọn létí omi, kí obìnrin ẹgbẹ́ wọn sì ni yóò bi wọ́n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ rìn dé ìsàlẹ̀ odò. Ibi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí ni ọ̀pọ̀ olùwádìí í ti í yí padà, àṣìṣe ńlá sì ni lójú tèmi.

Ẹ jẹ́ kí apẹja fi ọwọ́ kan ara igi ibi tí omi dé ní ọdún tí ó dára. Bí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ti darandaran kò bá ṣọ̀kan, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́. Kí ìwé náà tó lọ, ẹ kà á sí wọn létí, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí èsì yóò padà wá lọ́wọ́ ẹni tí ó rán yín.