Ọwọ́ Ta Ni Mò Ń Gbọ́ Yìí?

Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àkànó ọmọ mi,

Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìlọrin ti fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn pé o ráyè kọ̀wé, ó sì tún dùn sí i nígbà tí mo rí ohun tí o ń wá. O ní o fẹ́ ṣe àkójọ gbogbo àwo tí Tony Allen lu ìlù sí kó tó di pé òkìkí Fela gbé e káyé, àti àwọn èyí tó lù fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe, tí aráyé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. O ní kí n sọ èyí tí mo bá mọ̀. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Ó ti tó ogún ọdún báyìí. Ọkùnrin kan tó ń ra àwo àtijọ́ kiri yà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe. Mo gbé àwo kékeré kan jáde fún un. Bébà àárín rẹ̀ ti ya, orúkọ olórí ẹgbẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀. Ó ní ta ló ń lu ìlù yìí? Mo fetí sí i lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní Tony Allen ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sanwó, ó gbé àwo lọ. Mo ti gba orin náà sínú kásẹ́ẹ̀tì kó tó lọ, mo sì máa ń fi í dán rédíò wò bí mo bá tún un ṣe tán. Ní ọjọ́ kan, obìnrin àgbàlagbà kan wá gba rédíò rẹ̀. Mo ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ ọ́. Obìnrin náà jókòó wọ̀ọ̀, ó fi ọwọ́ di etí àga mú. Ó ní, “Ọkọ mi nìyẹn.” Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Ọjọ́ kejì ló padà wá pẹ̀lú fọ́tò: ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn ìlù òyìnbó, wọ́n kun orúkọ ẹgbẹ́ yẹn gan-an gàdàgbà sí ojú ìlù ńlá tó wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà ti kú. Èmi ni mo gba orúkọ rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀, tí mo gbé e fún ẹni tí kò tọrọ rẹ̀. N kò mọ ibi tí ẹni tó ra àwo ń gbé tí mo fi máa ránṣẹ́ sí i. Títí di òní, bí mo bá rántí, ó máa ń dùn mí.

Nítorí náà, ìwádìí tí o fẹ́ ṣe yìí, iṣẹ́ orúkọ ni. Orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ni o máa máa gbé káàkiri, kì í ṣe ti ara rẹ.

Wàá bá ìṣòro kan pàdé lójú ẹsẹ̀: àwo ayé ìgbà náà kì í sábà dárúkọ onílù. Olórí ẹgbẹ́ ló ń gba orúkọ. Ìdí nìyẹn tí ìtàn Tony Allen fi ṣòro wò láti ẹ̀yìn. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1940. Iṣẹ́ rédíò tí èmi náà ṣe jẹun ló kọ́kọ́ ṣe, ó sì ti dàgbà kó tó fọwọ́ kan ìlù. Inú ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Olaiya ló bá wọlé. Fi iyè sí èyí dáadáa: igi méjì tí wọ́n ń kàn mọ́ra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fún un níbẹ̀. Ìgbà tí onílù ẹgbẹ́ náà kúrò ló tó bọ́ sórí àga. Ẹni tó bá wá gbé àwo Cool Cats kan sílẹ̀ fún ọ, tó ní Tony Allen ló lu ìlù rẹ̀, bi í pé ọdún wo ni. Ó lè jẹ́ igi ló ń kàn. Ó sì lè má tíì dé ibẹ̀ rárá. Lẹ́yìn Olaiya, ó bá Agu Norris ṣe nínú Heatwaves, ó dé ọ̀dọ̀ Nigerian Messengers, ó dé Melody Makers, ó dé Western Toppers. Ibẹ̀ ni òkùnkùn pọ̀ sí jù. Má kánjú la ibẹ̀ kọjá.

Ní 1964 ni Fela ń wá onílù tó lè lu jáàsì, tí Tony sì lọ bá a. Wọ́n ti kó orin Koola Lobitos, ẹgbẹ́ Fela ìgbà náà, láti 1963 sí 1969 jọ sínú àwo mẹ́ta, wàá sì rí i rà. Ṣùgbọ́n wo ọdún tó wà lẹ́yìn páálí yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá jẹ́ ti 1963, ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

O bi mí pé báwo ni etí ṣe ń dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mushin ni mo ti ń kọ́ṣẹ́, n kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Kò sówó tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa fi wọ ilé ijó Kakadu ní Yaba, ẹ̀yìn ògiri la máa ń dúró. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ògiri kò rí nǹkan kan, gbígbọ́ nìkan ni tiẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bá èkejì mi jiyàn pé onílù méjì ni Fela kó wá. Ìlù ńlá ilẹ̀ ń sọ tirẹ̀, kì í ṣe pé ó kàn ń ka ẹsẹ̀. Ọwọ́ òsì ń já lù ú lẹ́nu, ọwọ́ ọ̀tún ń rìn lórí idẹ bí ẹni tí kò kánjú. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, àwo idẹ méjì tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣí tó sì ń pa dé ń sọ pé ṣì, ṣì, kékeré báyìí, níbi tí o kò rò pé ó máa gbà yọ. A dúró títí wọ́n fi jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ẹsẹ̀ òsì yẹn ni kí o máa wá. Ọ̀pọ̀ onílù háílàìfù ayé ìgbà náà kò kà á sí. Ìwé ìròyìn òyìnbó tí Max Roach ti kọ́ni nípa àwo idẹ yẹn ni Tony rí kọ́ ọ, àwo Art Blakey náà sì wà ní etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ ọ dáadáa, ohun tó ṣe kò ṣàjèjì sí ọmọ Ìgbómìnà. Ìwọ náà ti dúró ti àwọn onídùndún. Gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan, kẹríkẹrì ń dá a lóhùn, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Tony Allen kó gbogbo wọn wá sórí àga kan, ó pín wọn fún ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà ọdún eégún Eléwe, ṣé o kì í mọ ẹni tó di ìyáàlù mú kó tó yọ ní kọ̀rọ̀? Irú etí bẹ́ẹ̀ ni.

Àmọ́ etí yìí náà ló ṣì mí lọ́nà. Nítorí náà, jẹ́ kí etí jẹ́ ẹlẹ́rìí kìíní, má jẹ́ kó jẹ́ adájọ́. Wá ẹlẹ́rìí kejì: fọ́tò, ìwé àdéhùn, ẹni tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Páálí àwo gan-an lè tàn ọ́ jẹ. Wo àwo tí Fela ṣe ní 1971 pẹ̀lú Ginger Baker, òyìnbó onílù rọ́ọ̀kì tó ti ṣe ẹgbẹ́ Cream, tó sì wá kọ́ sìtúdíò sí Èkó lẹ́yìn náà. Onílù méjì ló wà níbẹ̀, àti òun àti Tony. Nígbà tí wọ́n tún àwo náà tẹ̀ sórí sídì, wọ́n fi ìlù lásán tí àwọn méjèèjì jọ lù kún un, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ibi eré jáàsì ní Berlin ni wọ́n ti gba ìyẹn sílẹ̀, ní 1978! Ẹni tí kò bá kàwé ẹ̀yìn páálí á ní ọdún kan náà ni. Ọdún méje ló wà láàárín wọn, ọwọ́ ènìyàn sì ń yí padà láàárín ọdún méje.

Lẹ́yìn Berlin yẹn ni Tony fi Fela sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tó tọ́ sí i lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Òun náà mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn ṣiṣẹ́ kí orúkọ má jáde.

Àwọn tí a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́: orin tí òun àti Fela gbà sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1969, ó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó kó wọn jọ sójú kan. Jealousy ní 1975, Progress ní 1977, No Accommodation for Lagos ní 1979, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà lórí àwọn wọ̀nyí. N.E.P.A. ní 1985. Ìlù rẹ̀ wà nínú Aura ti King Sunny Adé ní 1984, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tó fi jùjú náà jó kò mọ̀. Rejoice tí òun àti Hugh Masekela ṣe, 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 2020 ló jáde, Masekela ti di olóògbé. Kọ ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí o kọ ọdún tó jáde lọ́tọ̀. Kí o sì ka ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí òun àti Michael Veal jọ kọ, tó jáde ní 2013, kí o tó bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, tètè máa bi àwọn àgbà. Ọdún kan náà ni Olaiya àti Tony Allen lọ: ọ̀gá ní oṣù Kejì 2020, ọmọṣẹ́ ní Paris ní 30 oṣù Kẹrin. Ìyàwó àwọn olórin ni kí o kọ́kọ́ lọ bá. Àwọn ló ń fi fọ́tò pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, àwọn ló sì mọ alẹ́ tí ọkọ wọn kò wálé nítorí iṣẹ́ sìtúdíò.

Bí o bá wálé, màá mú ọ lọ sí Èsìẹ́. O ti lọ rí nígbà tí o wà ní kékeré, ṣùgbọ́n eré lo ń sá kiri nínú ọgbà. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1000, ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n jókòó, wọ́n kúnlẹ̀, ilà wà lójú wọn, irun dídì wà lórí wọn, àwọn kan di idà mú. A kò mọ ọwọ́ tó gbẹ́ wọn. Ìlú ní ìtàn tiẹ̀, pé àlejò ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá, wọ́n wọ̀n, wọ́n kà, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò, wọ́n sì kọ̀wé lé wọn lórí. Síbẹ̀, nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó fi orúkọ agbẹ́re kankan dí àyè náà. Nínú àkójọ rẹ, jẹ́ kí irú àyè bẹ́ẹ̀ wà. Bí ó bá ṣófo, jẹ́ kó ṣófo. Ẹni tó ni ín lè ní ọmọ tó ń bọ̀ wá wò ó.

Mo ti di ẹrù kékeré kan fún awakọ̀ yìí. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn wà nínú rẹ̀, mo fi aṣọ wé e, má ṣe fi í sínú oòrùn. Fọ́tò tí obìnrin yẹn gbà mí láyè láti yà náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o fi ọkùnrin yẹn ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé rẹ, kí o tó dé orí Tony Allen. Ẹ̀yìn fọ́tò ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe pè é fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré.