Ẹnìkan Ní Í Bímọ, Igba Ènìyàn Ní Í Wò Ó
Ojúṣe ẹgbẹ́ sí abiyamọ àti ọmọ ọwọ́

Bí obìnrin bá bímọ nílé, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò wá wẹ ọmọ, tí yóò sì máa gbọ́únjẹ fún abiyamọ. Ṣùgbọ́n bí ìdílé Yorùbá bá ń gbé ní Ekiadolor, lójú ọ̀nà Benin sí Èkó, ìyá àgbà lè má tètè dé. Àwọn ará ẹgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Nítorí náà, ohun tí wọ́n bá sọ, àti ohun tí wọ́n bá gbé dání, lè gbe ọmọ náà, ó sì lè ṣe é ní jàǹbá.

Ohun tí ọmọ nílò

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF là á sílẹ̀ pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọyàn láàárín wákàtí kan tí a bí i. Kí ó mu ọyàn nìkan fún oṣù 6, láìsí omi tàbí àgbo. Lẹ́yìn náà, kí ó máa jẹun, kí ó sì máa mu ọyàn títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Nígbà tí ètò tí àjọ méjèèjì dá sílẹ̀ ní 1991, láti sọ ilé ìwòsàn di ibi tí a ti ń ran ìyá lọ́wọ́ láti fọ́mọ lọ́yàn, wọ Nàìjíríà, Benin wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ gbà á. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ní Nàìjíríà, 29 péré ló ń mu ọyàn nìkan. Nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ni kò ga tó bí ó ti yẹ.

Ife omi kan

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìfẹ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àlejò a rí ọmọ tó ń sunkún nínú ooru, a ní òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, a sì bu omi sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú ọyàn ìyá. Ó tó ọmọ, bí oòrùn tilẹ̀ mú. Omi tí a bu fún un ń kún ikùn rẹ̀, kò sì ní fa ọyàn tó. Bẹ́ẹ̀, fífà tí ọmọ ń fà á ni ọyàn fi ń wá. Bí omi náà kò bá mọ́, ìgbẹ́ gbuuru dé nìyẹn. Abiyamọ gan-an ni kí a bu omi fún. Ọyàn àkọ́kọ́ tó ki, tó ní àwọ̀ ìyeyè, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí tí à ń fún dànù. Òun ló ń kọ́kọ́ dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn.

Ọjọ́ ìkómọ

Níbi ìkómọ, àwọn àgbà a máa fi omi, iyọ̀ àti oyin kan ọmọ lẹ́nu. Oyin lè ní kòkòrò àrùn kan nínú, èyí tó lè mú kí iṣan ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 rọ. Kí bàbá àti ìyá tọ́ ọ wò ní orúkọ ọmọ wọn. Ìwúre pé, àṣà kò bàjẹ́, ọmọ kò sì fara gbá.

Lẹ́yìn oṣù 6

Ògì lásán kò tó. Kí ó ki, kí a sì máa fi ẹ̀wà, edé tàbí ẹ̀pà lílọ̀, ẹyin, epo pupa àti ẹ̀fọ́ kún un. Láti oṣù 6 sí 8, kí ọmọ jẹun lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù 9 sí 23, lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

1. Kí ẹgbẹ́ yan ìyá méjì tó ti fi ọyàn nìkan tọ́mọ rí, kí wọ́n máa bẹ abiyamọ wò láti ọjọ́ kìíní.
2. Dípò agolo mílíìkì, kí ẹ̀bùn ìkómọ jẹ́ ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tàbí owó.
3. Kí ọkọ máa pọnmi, kí ó máa fọṣọ, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ dá àlejò tó fẹ́ bu omi fún ọmọ lẹ́kun.
4. Kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ inú ẹgbẹ́ mọ̀ pé òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.
5. Bí ọyàn bá ń dun ìyá, tàbí tí ọmọ kò fà á, kí wọ́n sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó fọ́mọ lọ́yàn, ìrànlọ́wọ́ ló tọ́ sí i, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Kí ni ẹgbẹ́ gbé lọ síbi ìkómọ tó kọjá? Ta ni yóò bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ nípa omi àti oyin kí èyí tó ń bọ̀ tó dé? Bí ọmọ bá ń ké lóru, ta ni abiyamọ lè pè?